Ṣé ó tọ́ kí a fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbọ́n wo àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lára àbúrò?

Ìbéèrè: As-salāmu ‘alaykum, Àáfà wa. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 7, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn dókítà ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní stem cell, tí wọn yóò fà láti inú egungun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, lè wò ó sàn. Arákùnrin kan ní mọ́sálásí wa sọ pé inú oyún tí wọ́n ṣẹ́ ni wọ́n ti ń mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àti pé yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà ni. Ìyá mi ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan yóò di ti èkejì. Kí ni ẹ̀sìn wí?

Ìdáhùn: Wa ‘alaykumus-salām wa rahmatullāhi wa barakātuh. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad. Kí Ọlọ́hun fún ọmọ yín ní ìwòsàn, kí Ó sì tu ẹ̀yin òbí rẹ̀ nínú.

Àwọn onímọ̀ fíkíhì, ìyẹn ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn Islam, máa ń sọ pé a kì í dá ẹjọ́ lórí ohun tí a kò tíì mọ bó ti rí. Orúkọ kan ṣoṣo ni ó da ọ̀rọ̀ rú láàárín ẹ̀yin àti arákùnrin yín, nítorí pé ohun tí orísun wọn yàtọ̀ síra ni wọ́n ń pè ní stem cell, ibi tí a sì ti mú un ni ìdájọ́ dúró lé.

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tín-ín-tìn-ìn-tín tí ara ènìyàn, ẹranko àti ewéko pa pọ̀ jẹ́. Ojú lásán kò rí i, bí kò ṣe ìgbà tí máíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń mú kí ohun kékeré hàn tóbi, dé, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Robert Hooke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wo èèpo igi kọ́ọ̀kì tó gé pẹlẹbẹ, tó sì fún àwọn àyè ṣófo tó rí níbẹ̀ ní orúkọ yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1665. Arákùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti jẹ́ kí n wo inú máíkírósíkóòpù rẹ̀ rí. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tí ara rẹ̀ dá rí roboto, àárín rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú díẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn yìí, mo rí àwọn tó gùn, tí wọ́n tẹ̀ bí dòjé. Ẹsẹ Al-Kùránì tí Ọlọ́hun ti fi ohun tí a ń rí àti ohun tí a kò rí búra nínú Súrà al-Hāqqah ni ó wá sí mi lọ́kàn, n kò sì tètè gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì bí dòjé wọ̀nyẹn ni wọ́n ń há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín, tí ọmọ yín fi ń jẹ̀rora. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó pé ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 nínú ara, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Inú mùdùnmúdùn egungun ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wà: òun ni ó ń pín ara rẹ̀, tí apá kan ń di ẹ̀jẹ̀, tí apá kan sì ń ṣẹ́ kù láti máa bá iṣẹ́ náà lọ. Bí ti ẹ̀gbọ́n bá rọ́pò ti àbúrò, sẹ́ẹ̀lì tó rí roboto ni egungun rẹ̀ yóò máa mú jáde. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Benin ti ṣe irú ìtọ́jú yìí ní Nàìjíríà láti 2011.

Nítorí náà, ó tọ́. Ànábì ní kí àwọn ẹrú Ọlọ́hun máa wá ìwòsàn, Al-Kùránì sì sọ pé ẹni tó bá gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tó gba gbogbo ènìyàn là. Ní December 2003, Ìgbìmọ̀ Fíkíhì ní Mẹ́kà gbà á láàyè láti mú sẹ́ẹ̀lì yìí lára àgbàlagbà tó yọ̀ǹda, lára ọmọdé tí alágbàtọ́ rẹ̀ gbà tí kò sì ní pa á lára, àti láti inú ibi ọmọ àti ìwọ́. (Ẹni tó bá fẹ́ sin ibi ọmọ lè sin ín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.) Ohun tí wọ́n kọ̀ ni oyún tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ láìsí ìdí tí ṣẹ̀ríà gbà, àti ọlẹ̀ tí a dìídì dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Arákùnrin yín kò sọ ìsọkúsọ o, nítorí pé inú ọlẹ̀ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì James Thomson ti fa irú sẹ́ẹ̀lì kan yọ ní Amẹ́ríkà ní 1998. Ọ̀ràn yẹn ní àríyànjiyàn tirẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọn yóò ṣe fún ọmọ yín.

Ní ti yíyí ẹ̀dá padà, nígbà tí imú sàábé ‘Arfajah gé lójú ogun, Ànábì ni ó ní kí ó fi wúrà ṣe imú. Ohun tí àìsàn bà jẹ́ tí a tún ṣe kò sí lára yíyí ẹ̀dá padà tí Al-Kùránì bú. Ẹ sì sọ fún Màmá pé òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ tuntun náà yóò ní àmì ti ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò yí ìran ẹnikẹ́ni padà. Ìgbìmọ̀ kan náà ti sọ pé fífa ẹ̀jẹ̀ sí ẹlòmíràn lára kì í sọ wọ́n di èèwọ̀ fún ara wọn nínú ìgbéyàwó bí mímu ọmú obìnrin kan náà ti ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yín ni ó jẹ mí lógún jù. Ẹ̀yin ni alágbàtọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí àǹfààní rẹ̀ ni Ọlọ́hun fi fún yín ní àṣẹ lórí rẹ̀. Àyẹ̀wò ni yóò kọ́kọ́ sọ bóyá tiwọn bára mu, nítorí pé láàárín ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ìdá 1 nínú 4 péré ni àǹfààní náà. Bí ó bá bá a mu, kí dókítà ṣàlàyé fún un ní èdè tó yé e pé wọn yóò mú un sùn, wọn yóò fi abẹ́rẹ́ fa mùdùnmúdùn lára egungun ìbàdí rẹ̀, ibẹ̀ yóò máa dùn ún fún ọjọ́ mélòó kan, ara rẹ̀ yóò sì dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ má ṣe fi ikú àbúrò rẹ̀ dẹ́rù bà á. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé kò bá a mu, ẹ jẹ́ kó yé e pé kò ṣẹ̀.

Ẹ bi àwọn dókítà pẹ̀lú nípa oògùn líle tí wọn yóò kọ́kọ́ fún ọmọbìnrin náà, nítorí pé ó lè ṣe ìpalára fún ọmọ bíbí rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, àti nípa ìgbà mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì tuntun ń bá ara tó gbà á jà. Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kí ẹ̀yin àti ìyá wọn kí ìrun istikhārah, ìyẹn ìrun wíwá ìtọ́sọ́nà Ọlọ́hun, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù lọ.