Má fi fáríábù mú ìlà nínú tírígà

Àbúrò, o ní gbogbo ìlà tó bá wọ tábìlì owó sísan lo fẹ́ kí tírígà (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ bí ìlà bá ti wọ tábìlì) dà kọ sí tábìlì méjì mìíràn lórí SQL Server, ètò tó ń tọ́jú dátà, o sì lẹ èyí tó o kọ mọ́ ìbéèrè rẹ. Bí mo ṣe rí i, àyà mi já. Irú ẹ̀ gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìlọrin níbí ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Kí n tó dé ni kọ̀ǹsọ́tántì kan ti kọ ọ́ fún wọn: `SELECT @id = MemberID, @amt = Amount FROM inserted`, kó tó wá fi @id àti @amt, fáríábù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń di iye kan ṣoṣo mú, sínú lẹ́jà, tábìlì tó ń ṣàkọsílẹ̀ owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ń tẹ owó wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà náà, kò séwu. Ó dọjọ́ tá a ní ká kó owó tí wọ́n yọ nínú owó oṣù àwọn tíṣà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, `INSERT ... SELECT` kan ṣoṣo, èèyàn 186. Tábìlì owó sísan gba 186. Lẹ́jà gba ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré! Orí tábìlì owó sísan ni akáǹtáǹtì ti ń ṣe àròpọ̀, ó pé, ó bá lọ sílé.

Bàbá tíṣà kan wọkọ̀ láti Òmù-Àrán ní kùtùkùtù, wọ́n fi ìwé owó oṣù wọn lu tábìlì mi: “Ọmọ yìí, owó mi dà?” Kó tó di ọ̀sán, ìlà èèyàn ti dé ẹnu géètì. Mo pe kọ̀ǹsọ́tántì. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Nígbà tó ṣe, ó ní iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni. Iná wo ló mọ bí wọ́n ṣe ń fo èèyàn 185? Òru mẹ́ta ni mo fi ń fọwọ́ tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀fọn ń fi mí jẹun.

Ẹ̀ẹ̀kan fún àṣẹ kan ni tírígà SQL Server ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan fún ìlà kan. Tábìlì ni `inserted`, gbogbo ìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló wà nínú ẹ̀. Fáríábù rẹ ò lè mú ju ọ̀kan lọ. Ẹni tó bá ti MySQL, ètò dátà mìíràn, wá, níbi tí wọ́n ti ń kọ `FOR EACH ROW` (fún ìlà kọ̀ọ̀kan), tí `NEW` sì jẹ́ ìlà kan, kíá ló máa ṣìnà.

Kí n tó gbàgbé: tí lẹ́jà bá ní nọ́ńbà tó ń ka ara ẹ̀, má bi `@@IDENTITY` léèrè nọ́ńbà owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé mọ́, ti lẹ́jà ló máa gbé fún ẹ. Rìsíìtì wa gbé nọ́ńbà olówó olówó fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. `SCOPE_IDENTITY()` ni kó o lò. `BULK INSERT`, àṣẹ tó ń kó odidi fáìlì wọlé, náà kì í jí tírígà àfi tó o bá fi `FIRE_TRIGGERS` sí i. Tí tábìlì kejì bá sì kọ̀ láti gba ìlà, owó tó ń wọlé gan-an á padà sẹ́yìn. Èmi fara mọ́ ìyẹn ju kí owó máa sọnù wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀n ẹ́n, ìbéèrè rẹ. Tírígà kan tó. `AFTER INSERT`, o ti mọ ìyẹn. `SET NOCOUNT ON`, kó má máa ròyìn iye ìlà. Lẹ́yìn náà `INSERT INTO... SELECT ... FROM inserted` lẹ́ẹ̀mejì, tábìlì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Tó o bá fẹ́ dán an wò, fi ìlà mẹ́ta wọlé nínú àṣẹ kan, má fi ẹyọ kan.