Lẹ́ńsì àtijọ́: kí ló dé tí fíìmù gbà á, tí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ ọ́?

ÌBÉÈRÈ: Mo ra Jupiter-12, lẹ́ńsì 35mm ti Soviet. Ní f/8 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), fọ́tò rẹ̀ lórí fíìmù mọ́ dé igun. Lórí Sony A7, kámẹ́rà tó ń fi sẹ́ńsọ̀ gba ìmọ́lẹ̀ dípò fíìmù, igun ń ṣe bàìbàì, ẹ̀gbẹ́ sì ń pọ́n bí àlùkò. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

ÌDÁHÙN: Rárá o, kò sí ohun tó ṣe lẹ́ńsì yín. Lẹ́ńsì Biogon ti ilé-iṣẹ́ Zeiss ni wọ́n wò ṣe é. Gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gan-an, ó wọnú kámẹ́rà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé), nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sí igun ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé ni, kì í wọlé tààrà. Kò ṣe fíìmù ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n gíláàsì kan bo ojú sẹ́ńsọ̀, ti A7 nípọn tó bíi mìlímítà 2, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń ṣáko. Ti kámẹ́rà Leica M9 kò tó mìlímítà 1, ìdí nìyẹn tí irú lẹ́ńsì yìí fi ń ṣe dáadáa jù lórí rẹ̀.

Tí ẹ bá fún ojú lẹ́ńsì dé f/11, bàìbàì náà á dín kù, kò ní tán, kọ̀ǹpútà kò sì lè tún un ṣe. Àwọ̀ ló ṣeé tún ṣe: ẹ fi ike funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá bo iwájú lẹ́ńsì, ẹ ya fọ́tò kan ní f kan náà, kí Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, fi ṣe òdiwọ̀n. Tàbí kí ẹ kúkú yà á ní dúdú àti funfun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀yìn rẹ̀ gúnlẹ̀ láéláé. Kí ẹ tó dè é mọ́ kámẹ́rà, ẹ yí i sí mítà 1, torí ibẹ̀ ni gíláàsì ẹ̀yìn ti jìnnà sí ṣọ́tà jù. Lẹ́yìn náà ẹ rọra yí i lọ sí ∞, àmì ọ̀nà jíjìn. Tó bá há, ẹ dúró níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Lẹ́ńsì kékeré wo ló máa bá fíìmù àti Sony mu?

ÌDÁHÙN: Zuiko 28mm f/3.5 ti Olympus OM. Torí pé dígí wà nínú kámẹ́rà OM, wọ́n ní láti gbé gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà, ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé tààrà díẹ̀ sí i. Láti ẹnu OM dé fíìmù jẹ́ mìlímítà 46, ti Sony jẹ́ 18. Ádápútà, òrùka tó ń so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà mìíràn, ló ń dí mìlímítà 28 tó kù. Nínú mẹ́nù, ẹ tan "Release w/o Lens" (ìyẹn, yà á bí kò tilẹ̀ sí lẹ́ńsì), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ A7 lè má yà á.

Lórí fíìmù, ẹ fi sí f/8, ẹ yí i sí nǹkan bíi mítà 3.3: láti mítà 1.7 títí dé ọ̀nà jíjìn á mọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lórí Sony o. Ọ̀pọ̀ ádápútà olówó pọ́ọ́kú ló fẹ́lẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, nọ́ńbà ara lẹ́ńsì kò sì ní bá a mu mọ́. Ẹ sọ àwòrán di ńlá lójú kámẹ́rà, kí ẹ fi ojú yín wò ó.