Ta ló yá owó, ta ni wọ́n yá lówó?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde sí. Lóṣù tó kọjá, mo yá ọ̀rẹ́ mi lówó. Mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Owó tí mo yá", mo sì kọ iye rẹ̀ síwájú. Ọkọ mi ṣí ìwé náà, ni ilé bá dàrú. Ó ní mo ti lọ ki ọrùn bọ gbèsè láìsọ fóun. Mo ní èmi kọ́ ni mo jẹ gbèsè, èmi ni wọ́n jẹ lówó. Ó ní irọ́ ni, pé gbígbà ni "yá", pé ká ní mo fún èèyàn ni, "wín" ni ǹ bá kọ. Ó tún ní mo ti jẹ owó ilé. Ta ló jàre nínú wa?
Ìyàwó tó kọ ọ́ sílẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, lórí ìtumọ̀ "yá", ẹ̀yin lẹ jàre. Lórí ohun tó wà nínú ìwé yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ọkọ yín ló jàre.

"Yá" fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá owó ń lọ ni tàbí ó ń bọ̀. Ohun tó bá tẹ̀ lé e ló ń tú àṣírí. Tó bá jẹ́ èèyàn ló tẹ̀ lé e, owó ti kúrò lọ́wọ́ yín nìyẹn: "Mo yá ọ̀rẹ́ mi lówó." Tó bá jẹ́ owó ló tẹ̀ lé e, ẹ ti wọ gbèsè: "Mo yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi." Ẹ wo "lówó" àti "lọ́wọ́" yẹn dáadáa: "ní owó" ni ti àkọ́kọ́, "ní ọwọ́" ni ìkejì. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù láìfi àmì sí i, "lowo" kan náà ni méjèèjì máa dà. Lọ́dún 1875 ni CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ti ṣèpàdé àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó, àmì abẹ́ "ọ" ṣì ń nira fún wa títí dòní!

Nínú "Owó tí mo yá", èèyàn dà? Kò sí. Bí a ò bá ti rí ẹni tí wọ́n yá, etí Yorùbá máa gbọ́ gbígbà ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ òwe yẹn tó máa béèrè ẹni tó jẹ gbèsè. Ayáwó ló lọ gba owó, ayánilówó ló fún un. "Ni" tó wà láàárín yẹn ni èèyàn tí ẹ gbàgbé.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Nígbà tí mo ń ṣolùkọ́, mo la ìwé ńlá kan fún àwọn ọmọ tó ń yára wọn níwèé, mo kọ "Ẹni tó yá ìwé" sókè. Ẹni tó ni ìwé buwọ́ lù ú, ẹni tó gbà á náà buwọ́ lù ú, lábẹ́ àkọlé kan náà. Nígbà tí ìwé kan sọnù, àwọn méjèèjì ń nawọ́ síra wọn, mi ò sì lè bá ẹnikẹ́ni wí nínú wọn.

"Wín" tí ọkọ yín dárúkọ kò lè gbà yín. "Mo wín in lówó", "mo wín owó lọ́wọ́ rẹ̀": ọ̀nà méjì kan náà ni.

Ibi tí ọkọ yín ti ṣìnà ni "jẹ owó ilé". Ọ̀rẹ́ yín jẹ yín lówó, gbèsè nìyẹn, ó máa san án. Ẹni tó bá jẹ owó yín, ó ti gbé e mì nìyẹn, ẹ má retí rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ olè ni, ó sì yẹ kí ọkọ yín bẹ̀ yín.

Ẹ kọ orúkọ ọ̀rẹ́ yín sẹ́yìn "yá" nínú ìlà yẹn lónìí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó ní òun máa dá a padà sí i.