Ṣé èébú ni "onínú kan"?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mú ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ lọ sílé wa l'Ọ́fà, bàbá wa àgbà wò ó títí, wọ́n ní "onínú kan lọmọ yìí." Inú mi dùn o, àfi bí mo ṣe padà dé Ìlọrin táwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín pé òpè ni bàbá ń dọ́gbọ́n pè é. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Àbúrò, fọkàn ẹ balẹ̀. Onínú kan lẹni tí ohun tó wà níkùn ẹ̀ náà ló wà lẹ́nu ẹ̀, kò tọ́jú inú kejì pamọ́ síbì kan. Òpè ní tiẹ̀, kò mọ nǹkan ni, ṣùgbọ́n onínú kan lè mọ gbogbo ẹ̀ kó má sì fi rẹ́ ẹ jẹ.

Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ ra wàrà l'Ọ́jà Ọba, mo ti nawọ́ sí èyí tó wà létí abọ́, ìyá tó ń tà á ní "ẹ fìyẹn sílẹ̀, tàná ni, ó ti ń kan." Ǹ bá má mọ̀ o, ó sì mọ̀ pé mi ò ní mọ̀, ó mọ owó tó bọ́ lọ́wọ́ òun náà. Ṣé wàá pe ìyẹn lópè?

Ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ "tinútinú." Tinútinú ni pé èèyàn fi gbogbo ara ṣe nǹkan láìjẹ́ pé wọ́n fipá mú un, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ lù ẹ́ ní jìbìtì gan-an lè ṣiṣẹ́ tinútinú. "Inú kan ni mo fi yá a lówó" la máa ń sọ, tàbí "fi inú kan bá mi sọ ọ́."

Nínú Bíbélì, Jòhánù 1:47, Jésù ní kò sí ẹ̀tàn nínú Nàtáníẹ́lì, onínú kan nìyẹn. Ọmọ ilé kéú náà mọ súrà 112 nínú Kùránì, Ikhlas, ẹsẹ 4 péré, orúkọ yẹn ní í ṣe pẹ̀lú kéèyàn fọ ọkàn mọ́ fún Ọlọ́hun nìkan (ọ̀rọ̀ ọ̀hún fúnra ẹ̀ ò tiẹ̀ sí nínú súrà náà).

Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ò kúkú parọ́ tán o. Ẹni tó yá oníjìbìtì kan náà lówó lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ní "inú kan ẹ̀ ti pọ̀ jù," "jù" yẹn lèébú. Ṣé bàbá fi "jù" kún un? Tí wọn ò bá fi kún un, tètè lọ mú déètì mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.