Igi Àjàrà Nínú Ìkòkò Bonsai: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ra ọmọ igi àjàrà, mo sì gbìn ín lójú ẹsẹ̀ sínú ìkòkò pẹrẹsẹ ti bonsai, ìyẹn igi tí a ń tọ́ nínú ìkòkò kó lè wà ní kékeré. Ọdún méjì rèé, kò sanra rárá. Kí ló fà á? (Olùkàwé yín ní Leeds)

Ìkòkò pẹrẹsẹ yẹn ló fà á. Gbòǹgbò tí kò ráyè kò lè bọ́ igi débi tí yóò fi sanra. Igi tí ìdí rẹ̀ ti tóbi tán ni ìkòkò bonsai wà fún. Ní ìparí oṣù Kejì, kí ojú igi náà (ibi tí ọ̀mùnú tuntun ti ń yọ) tó bẹ̀rẹ̀ sí wú, ẹ gbé e lọ sínú ìkòkò ńlá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 35, tàbí kí ẹ gbìn ín sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀mùnú kan ṣoṣo nà ní gbogbo ìgbà ooru, kódà bó gùn tó mítà mẹ́ta. Ewé tó pọ̀ lórí rẹ̀ ló ń sọ ìdí igi di ńlá. Bí ewé bá wọ́ tán, ẹ gé e kù sí ojú méjì tàbí mẹ́ta, kó tún nà lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún lẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà, òun gan-an la fẹ́ràn jù: ẹ wá àjàrà àtijọ́ tí ẹnìkan fẹ́ hú dànù nínú ọgbà rẹ̀. Nígbà òtútù tí kò léwé lórí, ẹ gé e kù ní sẹ̀ǹtímítà 25, ẹ wa ilẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká, ẹ gé gbòǹgbò ńláńlá kúrú, kí ẹ sì dá àwọn wẹ́wẹ́ sí. Àjàrà máa ń hù láti ara igi gbígbó. Èèpo irú igi bẹ́ẹ̀ ti ń bó ní fọ́nrán-fọ́nrán, ara rẹ̀ sì ti lọ́ pọ̀. Ẹwà yìí gan-an là ń wá lára bonsai àjàrà, kò sì sí bí igi ọlọ́dún méjì ṣe lè ní in.

Ní ti erùpẹ̀, ẹ po ìdá mẹ́ta pumice (òkúta fífúyẹ́ tó ní ihò wẹ́wẹ́) tàbí òkúta wẹ́wẹ́, tí ẹyọ rẹ̀ wà láàárín mìlímítà 3 sí 6, mọ́ ìdá kan compost (ajílẹ̀ tó ti jẹrà). Ẹ jọ òkúta náà dáadáa, kí ẹ da eruku kíkúnná rẹ̀ nù: òun ló ń dí ihò ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí gbòǹgbò á fi jẹrà.

Mo gé ẹ̀ka àjàrà mi ní oṣù Kẹta, omi sì ń kán tó-tó-tó lójú ibi tí mo gé fún ọjọ́ púpọ̀. Ṣé ó ń kú ni? Ṣé kí n fi ìda dí i? (Peckham, London)

Kò ní kú, ẹ má sì dí i. Gbòǹgbò ti jí, ó ń ti omi sókè, omi náà á sì ti ìda yín kúrò. Bí ewé bá là, á dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó gé e. Lẹ́yìn tí ewé bá wọ́ tán, kí oṣù Kejìlá tó parí, ni kí ẹ máa gé àjàrà ní Bìrìtìkó.

Ibi tí ẹ ó gé ṣe pàtàkì ju ọjọ́ tí ẹ ó gé lọ. Ọ̀mùnú tuntun tó yọ lára ẹ̀ka ọdún tó kọjá ló ń so èso. Ẹni tó bá gé gbogbo ẹ̀ka ọdún tó kọjá dànù pátápátá máa rí ewé, kò ní rí èso. Ẹ fi ojú méjì sílẹ̀ lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gé e mọ́ ojú náà pẹ́kípẹ́kí: ẹ fi sẹ̀ǹtímítà méjì sílẹ̀ lókè rẹ̀, nítorí igi àjàrà máa ń gbẹ wọ inú láti ibi tí ọ̀bẹ kàn, ojú tó wà nítòsí á sì bá a lọ. Lọ́dún kejì, tí kùkùté yẹn bá ti gbẹ, ẹ wá gé e kúrò. Ọgbẹ́ ńlá lára òpó kì í sábà dí tán. A máa ń gbẹ́ irú ibẹ̀ kó dà bí igi gbígbẹ, kó jẹ́ ara ẹwà rẹ̀.

Nígbà ooru, tí ọ̀mùnú bá ti ní ewé mẹ́fà, ẹ já ṣóńṣó rẹ̀. Ẹ gé àwọn okùn tín-ín-rín tó fi ń dì mọ́ nǹkan kúrò. Tí ẹ bá fẹ́ fi wáyà tẹ ẹ̀ka, ẹ dúró títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n láti ìdí ní oṣù Keje. Èyí tó ṣì tutù máa ń ṣẹ́ pàrá.

Ẹ má gbé e wọ yàrá tó móoru nígbà òtútù. Ó nílò òtútù kó lè sùn. Àmọ́ gbòǹgbò inú ìkòkò kò lágbára tó èyí tó wà nílẹ̀, nítorí náà ẹ gbé e sí ilé kékeré inú ọgbà (shed) tí kò ní ẹ̀rọ amúlémóoru bí yìnyín bá le.

Ṣé èso rẹ̀ náà á kéré bí igi náà ṣe kéré? (Manchester)

Rárá. Ewé máa ń kéré díẹ̀, èso kì í kéré. Ẹ yan irú tí èso rẹ̀ kéré látilẹ̀wá, bíi Black Corinth, tàbí Pixie, irú aràrá tó wá láti ara àjàrà kan tí wọ́n ń pè ní Pinot Meunier. Ìdì kan péré, ó pọ̀ jù méjì, ni kí ẹ jẹ́ kí igi kékeré gbé. Bí ìkòkò bá gbẹ pátápátá, tí ẹ wá rọ omi sí i lójijì, èso á bẹ́.

Etí ewé àjàrà mi ń jó wọ inú, bẹ́ẹ̀ mo ń fún un lómi dáadáa. (Houston)

Ẹ wo bí ewé ṣe ń já. Bó bá jẹ́ òǹgbẹ omi, ewé àti ọ̀pá tó so ó mọ́ ẹ̀ka á jọ já lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ewé bá já, tí ọ̀pá náà dúró gbọn-in lára ẹ̀ka, a fura sí àìsàn àjàrà kan tí wọ́n ń pè ní Pierce's disease. Kòkòrò tó ń fa omi ara igi ló ń gbé e kiri ní agbègbè yín, kò sì ní oògùn. Ẹ hú u, kí ẹ gbin irú àjàrà tó lè fara dà á, bíi Blanc du Bois tàbí Black Spanish.

A kì í rí òtútù n'Íbàdàn. Ṣé ó tiẹ̀ ṣeé ṣe? (Mọ́níyà)

Ó ṣeé ṣe. Ní Petrolina ní Brazil, tí òtútù kò sí, wọ́n ń kórè àjàrà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ọ̀bẹ ló ń ṣe iṣẹ́ òtútù: tí ẹ bá já gbogbo ewé kúrò, tí ẹ sì gé ẹ̀ka kù sí ojú méjì, yóò rúwé tuntun. Ẹ ṣe é ní ìparí oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò ń lọ. Èso á pọ́n lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin, nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Àìsàn ewé ni ìṣòro tó le jù. Bí ohun funfun bá bo ojú ewé lókè, ẹ fín imí ọjọ́ sí i ní àárọ̀ kùtùkùtù, nítorí tí ooru bá kọjá 30 Celsius, ó ń jó ewé. Ṣùgbọ́n bí àbàwọ́n pupa rúsúrúsú bá wà lókè, tí ìdọ̀tí funfun sì hù sábẹ́ rẹ̀, imí ọjọ́ kò ràn án. Oògùn oníbàbà, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí kòkó, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa rọ omi sí erùpẹ̀ nìkan, kì í ṣe sórí ewé.