Ṣé kí n febi pa ara mi kí n lè jò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa l'Ábùjá ni mò ń gbé, orí àga ọ́fíìsì ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, aṣọ ò gbà mí mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, omi nìkan ni kí n máa mu. Ṣé ó dáa? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò o. Omi ara ló pọ̀ jù nínú ohun tó máa kọ́kọ́ lọ, tẹ́ ẹ bá ti padà sídìí oúnjẹ báyìí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ á tún padà. Tẹ́ ẹ bá ń fi ìlàjì kílò sí kílò kan jò lọ́sẹ̀, ó ti tó. Òróró ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ṣíbí ńlá kan péré ti tó 120 kálórì (ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara), ẹ wá wo bá a ṣe ń dà á sọ́bẹ̀, ká má tíì dórí másà (àkàrà ìrẹsì díndín) ẹ̀bá títì àti mínírà tá a fi ń tì í. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju ẹ̀bà lọ, kí ẹja tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì máa rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ìrìn tẹ́ ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tẹ́ ò lè kọrin, ìdájí ló dáa jù torí oòrùn Ábùjá yìí. Tẹ́ ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.