Èsì: Kí ló lè mú àwọn ará Éṣíà wọ pápá?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ìdí tí àwọn tó ti Íńdíà àti Páàkísítánì wá fi pọ̀ ní ìlú Blackburn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ Ewood Park, pápá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Blackburn Rovers. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Láàárín 1970 sí 1989, àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà National Front a máa pín ìwé wọn lẹ́nu ọ̀nà pápá káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá tí wọ́n bú nígbà náà, ṣé ó máa mú ọmọ rẹ̀ lọ? Bọ́ọ̀lù kúkú ni wọ́n ń wò nílé o, lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ má rò pé olówó Íńdíà ló máa tún un ṣe. Iléeṣẹ́ Venky's láti Íńdíà ra ẹgbẹ́ Blackburn Rovers ní 2010, ìfẹ̀hónúhàn ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà fi dá wọn lóhùn.

Èyí tó wú mi lórí ni ti oṣù Karùn-ún 2022: wọ́n ṣí Ewood Park sílẹ̀, àwọn Mùsùlùmí sì kírun Yídì lórí koríko tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an. Ẹni tó ti forí kanlẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ kì í ṣe ilé onílé fún un mọ́. Chelsea náà ṣe ìṣínu ní Stamford Bridge, pápá wọn, ní 2023.

Àmọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó. Oúnjẹ hàláálì ńkọ́? Yàrá ìkírun? Àga tí ẹnikẹ́ni kò ti ní da bíà sí ọ lára?

Ní tèmi, ẹgbẹ́ olólùfẹ́ tí àwọn ará Éṣíà fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù, bíi Bangla Bantams, ti àwọn ọmọ Bangladesh tó ń ṣe Bradford City. Bí ẹ bá sì dé Wolverhampton, ẹ wo àsíá Punjabi Wolves, àwọn ọmọ Punjab tó ń ṣe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà.